Òṣómàáló Orí Kọ́bọ́ọ̀dù

Kò sí òkun láàrin Kétu àti Iléṣà. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí bí mo bá ti ní mo ti gbé ìlú òkèèrè rí, àwọn èèyàn a máa retí kí n sọ̀rọ̀ yìnyín àti bàálù. Mi ò rí yìnyín kankan. Ibodè ni mo gbà kọjá, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé mi, mo sì bọ́ sáàrin àwọn èèyàn tí wọ́n ń sọ èdè ìyá mi, tí wọ́n sì ń pè mí ní Àgànyìn.

Àgànyìn! Ọ̀rọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ bí mi nínú ní Iléṣà. Gbogbo ẹni tó bá ti ọ̀nà Kùtọnu wá, Àgànyìn ni lójú wọn, ìbáà ṣe Fọ̀n, ìbáà ṣe Ègùn, ìbáà ṣe èmi ọmọ Alákétu. Màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Yorùbá ni mí. Alákétu àti Ọwá tiyín, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n." Wọn a bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́? Àgànyìn yìí mà gbọ́ Yorùbá o!" Kí lèèyàn fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Àwọn tó ń pe ilé ní ulé, tí wọ́n ń pe iṣu ní uṣu, àwọn ló ń yẹ ẹnu èmi wò.

Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi débẹ̀. Mo ti kàwé tán nílé, mo jókòó lásán bíi ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi, nígbà tí ìjọba ológun Nàìjíríà kéde lórí rédíò pé káwọn ọmọ ilé-ìwé máa kọ́ Faransé. Ilé-ìwé aládàáni kan ní Iléṣà ń wá ẹni tó gbọ́ ọ. Mo di ẹrù sínú báàgì pupa kan, mo sọ fún ìyá mi pé mi ò ní pẹ́ rárá, mo lọ.

Iṣẹ́ kò ṣòro rí tó yàrá. Ilé mélòó ni mi ò dé? Wọ́n á fi yàrá hàn mí, wọ́n á ní ó dáa, àfi tí mo bá la ẹnu tán. "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti wá?" Bí mo bá ti dáhùn, yàrá náà á di ti àbúrò wọn tó ń bọ̀ láti Ìdó-Ọ̀ṣun. Ìyá arúgbó kan ló gbà mí níkẹyìn, opó kan nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó fẹ́ ẹni tí yóò wà nínú ilé pẹ̀lú òun. Màmá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, Màmá lèmi náà sì ń pè é.

Ọjọ́ tí mo kó dé gan-an ni mo fi ẹnu mi kó bá ara mi. Mo wọ pálọ̀, mo rí ehoro kan, funfun báláú, lórí rédíò ńlá àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó jókòó síbẹ̀ bí alága ìpàdé. Inú mi dùn, torí nǹkan àkọ́kọ́ nìyẹn tó jọ ilé wa lójú mi. Mo ní, "Háà! Lápẹ́ẹ̀! Bí a ṣe ń pè é nílé wa nìyẹn. Bàbá mi ń sìn wọ́n lẹ́yìnkùlé. Ẹran rẹ̀ dùn ju adìyẹ lọ."

Màmá yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹran ta ló dùn?"

Àṣé ehoro ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Ìbùkún ni ọmọ náà ń jẹ́. Ọ̀dọ̀ Màmá ló ti dàgbà, kí àwọn òbí rẹ̀ tó wá mú un lọ sí Kàdúná lọ́dún yẹn. Nígbà tó ń lọ, ó di ehoro náà mọ́ra, ó sunkún títí, àfìgbà tí Màmá búra fún un pé òun á tọ́jú rẹ̀ dé Kérésì tí yóò fi padà wá. Màmá wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, o ní ẹ ń sìn ín nílé yín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè máa sá tẹ̀lé e mọ́. Ìwọ ni wàá máa mójú tó o. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mi bá dé tí kò bá ehoro rẹ̀ láàyè, kí o yáa wá yàrá síbòmíràn."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí yàrá síbòmíràn? Mo gbé báàgì mi sórí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá, mi ò tú u. Aṣọ tí mo bá fẹ́ wọ̀, màá yọ ọ́ níbẹ̀, tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, màá dá a padà síbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ tú ẹrù fún ní ìlú tí kò mọ orúkọ mi?

*

Òṣómàáló ni Màmá sọ ehoro náà. Ìjẹ̀ṣà ló lorúkọ yẹn. Láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin wọn á kó aṣọ kiri ìlú onílùú, wọ́n á tà á láwìn, bí ọjọ́ ìsanwó bá pé, wọ́n á lóṣòó síwájú ilé ẹni tó jẹ wọ́n, wọ́n á ní, "Òṣó ni mà á ló kí n tó gba owó mi." Wọn ò ní jà, wọn ò ní bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ṣáà lóṣòó síbẹ̀ títí ojú á fi ti onílé. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, orúkọ náà sì bá ehoro yìí mu. Ibi tó bá gùn, á lóṣòó síbẹ̀, á tẹjú mọ́ ọ, kò ní sọ̀ kalẹ̀ títí wàá fi gbé ewé ọ̀dùnkún wá.

Ibi wo ni kò gùn? Láti orí ìjókòó á bọ́ sórí apá àga, láti ibẹ̀ sórí tábìlì, láti orí tábìlì sórí rédíò. Ó gun orí ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá, ó fa òwú jáde. Ó gun tábìlì tí mo ti ń máàkì ìwé, ó jẹ etí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, mo wá ń ṣàlàyé fún ọ̀gá ilé-ìwé pé ehoro ló jẹ ẹ́. Ó gun férémù fọ́tò ìgbéyàwó Màmá, férémù ṣubú, gíláàsì fọ́, ta ni wọ́n pè? "Tíṣà o! Tíṣà! Wá wo nǹkan tí o fojú fò!"

Mo kó àga jìnnà sí tábìlì, ó fo ibẹ̀ kọjá. Mo po ata, mo fi pa etí tábìlì, Màmá ló fọwọ́ kàn án tó fi nu ojú. Ẹ má jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ náà. Mo ra àgò tí wọ́n fi ń gbé adìyẹ, mo tì í mọ́ ibẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ lu àgò gbì-gbì-gbì bí ẹni ń gúnyán títí Màmá fi ní kí n tú u sílẹ̀, pé Ìbùkún kò tì í mọ́lé rí. Lọ́jọ́ kan ó já bọ́ láti orí rédíò, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò mira. Mo ti ń wo ara mi lójú títì pẹ̀lú báàgì pupa kí ó tó dìde, tó gbọn etí, tó sì tún gbọ̀nà òkè lọ.

Inú ń bí mi o. Mi ò ní purọ́. Èmi tí wọ́n ta ewúrẹ́ kí n lè kàwé, ehoro ni mo wá ń bẹ.

*

Tẹlifóònù Iléṣà kì í sábà lọ, nítorí náà Òṣogbo ni mo ti ń pe ilé. Bí oṣù bá parí, màá wọ mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì tẹlifóònù níbẹ̀, màá tò sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń pe Èkó àti Ìbàdàn, títí wọ́n á fi pè mí. Lápá ọ̀dọ̀ wa, ìyá mi á ti jókòó sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti àárọ̀. Ká tó kí ara wa tán, owó ti ń lọ.

"Ṣé wọ́n ń tọ́jú ẹ níbẹ̀? Kí lo ń ṣe?"

"Ìyá mi, mò ń tọ́jú ehoro."

"O ń tọ́jú kí ni?"

"Lápẹ́ẹ̀. Ó máa ń gun orí nǹkan. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é."

Ó ní, "Ṣebí o kàwé. Pa á sè, kí o máa bọ̀ nílé."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé fóònù sílẹ̀ tán ni omi bọ́ lójú mi níwájú àwọn èrò, mo ní kòkòrò ló wọ̀ mí lójú.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo yà sí ọ́fíìsì ìjọba tí àwọn oníṣègùn ẹran wà. Ọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ mi dé òpin kó tó dáhùn. Ó ní, "Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ ò lè sọ pé kó má gùn. Ohun tí gbogbo ayé ń pa jẹ ni ehoro. Ó fẹ́ wà níbi tí á ti máa rí ẹni tó ń bọ̀. Ẹ ṣe òkè kékeré kan tó jẹ́ tirẹ̀ fún un, kó má ga jù, kó má yọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi wọ mọ́tò. Mo rántí pé ní yàrá àwọn tíṣà, ìjókòó ẹ̀yìn tó kọjú sí ilẹ̀kùn ni mo máa ń mú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹ̀yìn ni. Kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó síbẹ̀. Mo ṣáà fẹ́ máa rí ẹni tó bá ń bọ̀ wá sọ ọ̀rọ̀ Àgànyìn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ojú tì mí pé ọ̀rọ̀ èmi àti ẹranko yẹn jọra.

Mo fi páálí mílíìkì àti pákó àfọ́kù ṣe àtẹ̀gùn sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, mo tẹ́ ẹní sórí rẹ̀ kó má baà yọ̀. Òṣómàáló gbóòórùn rẹ̀, ó tọ̀ sí i lára, ó padà sórí rédíò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Nígbà tó yá, mo yọ ìró àtijọ́ kan tí mo ń wọ̀ sùn, mo fi bo orí páálí náà, mo lọ síbi iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo dé, ó ti na ara sórí ìró mi, ó ti sùn lọ. Mo dúró, mò ń wò ó. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ́kọ́ ka Faransé láìṣì lọ.

*

Ayọ̀ yẹn kò tọ́jọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló bà á jẹ́, ọ̀rọ̀ kékeré báyìí.

Bí Màmá bá fẹ́ ké orúkọ ehoro náà kúrú, á ní "Òṣó", á rẹ ohùn sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìwọ náà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹni tó lóṣòó ló ń sọ. Èmi kò gbọ́ òṣómàáló rí kí n tó dé Iléṣà. Oṣó tí mo mọ̀ láti kékeré, oṣó tó jẹ́ ọkọ àjẹ́ ni. Bí inú bá sì ti ń bí mi, ohùn mi kì í mọ ìsàlẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ehoro yìí fi àtẹ̀gùn rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ yàrá mi, ó gba orí ibùsùn àti àpótí ìwé gun orí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo pè é, pè é. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Oṣó! Oṣó! Sọ̀ kalẹ̀! Àbí torí kí o lè dán mi wò lo ṣe ń gòkè? Oṣó, mo ní bọ́ sílẹ̀, oúnjẹ rẹ ti délẹ̀!"

Ìyá Dèjì, ará ilé kejì, ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì, ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ fèrèsé náà. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ kọ́kọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Òun àti àwọn arábìnrin méjì ni, Bíbélì lábẹ́ apá, gèlè ti le dan-in lórí wọn.

"Tíṣà, ta ni oṣó tí ẹ ń bọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ehoro ni."

"Ehoro wo ló ń jẹ́ Oṣó?"

"Òṣómàáló ni. Màmá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ìyá Dèjì mi orí. "Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí í pe Òṣómàáló ní Oṣó. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ."

Wọ́n wọ yàrá mi. Wọ́n rí ehoro tó ń wò wọ́n láti òkè. Wọ́n pa ojú dé. "Ìwọ ẹ̀mí tó gòkè, ní orúkọ Jésù, sọ̀ kalẹ̀!" Ẹ̀yin èèyàn mi, ehoro tí mo ti ń bẹ̀ láti ìdajì ọ̀sán fò sórí àpótí, ó fò sórí ibùsùn, ó bọ́ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, ó rìn kọjá láàrin ẹsẹ̀ wọn lọ síbi oúnjẹ rẹ̀. "Halelúyà!" Ó bọ́ lẹ́nu gbogbo wọn. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ewé ọ̀dùnkún ló rí.

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àdúgbò ló rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti ní Àgànyìn ilé Màmá ń sin oṣó, pé oṣó náà ní etí gígùn. Mo bá èèyàn ṣàlàyé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ títí ó fi sú mi.

*

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí Ìbùkún dé, a ò rí Òṣómàáló.

Mo wo orí rédíò, mo wo abẹ́ ibùsùn, mo wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Mo jáde lọ wo oko gbágùúdá tó wà lẹ́yìn ilé, ọyẹ́ ń fẹ́ eruku sí mi lójú. Mo padà wọlé láti dín iná ọbẹ̀ tí mo gbé kaná kù, mo bá Ìyá Dèjì ní kíṣíìnì pẹ̀lú Màmá. Ìyá Dèjì ń fa imú. "Màmá, àwọn èèyàn yìí, oúnjẹ wọn ni. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ fún yín lọ́jọ́ tó dé."

Mo wo Màmá. Mo rò pé á ní kó dákẹ́. Màmá na ọwọ́, ó ṣí ìkòkò mi.

Ẹja ló wà níbẹ̀. Ẹja tútù, odidi, orí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Màmá wò ó pẹ́, ó rọra dé ìkòkò padà. Ìyá Dèjì rántí pé òun gbé omi kaná, ó bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n ti pè mí ní Àgànyìn, mo gbà á. Wọ́n ní mò ń sin oṣó, mo fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí mò ń bá fọ aṣọ, tí mò ń bá fi òróró pa orúnkún, kó ṣí ìkòkò mi wò bíi ti olè? Mo wọ yàrá, mo gun àpótí ìwé, mo na ọwọ́ sí báàgì mi lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kétu yá.

Báàgì náà wúwo. Ó mira.

Mo figbe ta. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ṣíìpù rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń fi í sílẹ̀. Òṣómàáló jókòó sínú rẹ̀, ó ti fa irun àyà ara rẹ̀ tu, ó fi tẹ́ ibùsùn láàrin àwọn búláòsì mi. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n dà lóorun láàmú.

Màmá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ agbẹ̀bí kì í kúrò lára, ó wo irun yẹn, ó ní, "Á à, obìnrin ni! Oyún ló rò pé òun ní. Níbo ló ti máa rí ọkọ? Mo ti rí i lára èèyàn rí. Ó kàn ń wá ibi tó fọkàn balẹ̀ sí ni."

"Ẹ bá mi gbé e jáde, mà," mo ní, "kí n lè rí báàgì mi gbé."

"Lọ sí ibo?"

"Sí ilé wa."

Màmá kò gbé ehoro. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó sì ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń ké kẹ́kẹ́, títí ó fi lóṣòó síbẹ̀, ó dí ọ̀nà pa.

"Màmá! Èèwọ̀! Ẹ dìde!"

"Òṣó ni mà á ló," ó ní. "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Aṣọ ni bàbá mi tà kiri, ojú ọ̀nà onígbèsè ló ti lóṣòó títí ó fi darúgbó. Èmi kò wá gbowó. Mo ṣí ìkòkò rẹ. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ulé ẹni. Ìdáríjì ni mo wá gbà, mi ò sì ní dìde títí wàá fi fún mi."

Inú ṣì ń bí mi. Mo dúró, mò ń wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn yọ níwájú orí rẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò lójú mi. Ta ló kọ́ ẹnì kejì láàrin òun àti ehoro yìí gan-an?

"Ó ti tán, Màmá. Mo ti gbàgbé."

Irọ́ ni, mi ò tíì gbàgbé ìkòkò yẹn títí di òní. Ṣùgbọ́n mo ki apá bọ abẹ́ apá rẹ̀, mo fà á dìde, àwa méjèèjì jókòó sórí ibùsùn, à ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìbùkún dé lọ́jọ́ kejì, ó rí ehoro rẹ̀ nínú báàgì mi, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò níbẹ̀. Mo bá kó gbogbo aṣọ mi sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Ní ìparí oṣù, mo lọ sí Òṣogbo lọ pe ìyá mi. Ó ní, ìgbà wo ni mò ń bọ̀? Mo ní ehoro ti gba báàgì mi. Ó ní kí n ra òmíràn. Mo ní, "Ó dáa. Bí mo bá ti dé ulé, màá—"

"Dé ibo?"

Mo gbọ́ ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ lẹ́nu. Mo gbọ́ ọ tó ń pe àwọn tó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ̀rín ti gbà á lẹ́nu: "Ẹ wá o! Ẹ wá gbọ́ Ìjẹ̀ṣà tí mo bí!"

Àgànyìn ní Iléṣà, Ìjẹ̀ṣà ní Kétu. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ra ewé ọ̀dùnkún lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì sáré lọ bá mọ́tò Iléṣà, torí ẹnì kan á ti lóṣòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù báyìí, tí á máa wo ilẹ̀kùn.